Àkíbù Rọbí Nínú Mọ́tò

Gbogbo Ìdèrè ló mọ̀ nípa ọjọ́ tí Àkíbù rọbí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó nà gbalaja sórí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò tòkúnbọ̀ kan, ó so ìrọ̀rí mọ́ ikùn, ó fi ìró Hàlímọ̀ ìyàwó rẹ̀ bo ẹsẹ̀. Ó ní kí Awótúndé, ẹni tó ń ta mọ́tò náà, máa wà á lọ sí Ìgbó-Ọrà.

"Bàbá, ẹ dìde jókòó dáadáa."

"Ta ló ń jókòó dáadáa rọbí? Máa gbé mi lọ."

Mọ́tò bọ́ sí kòtò àkọ́kọ́. Àkíbù ké: "Yéè! Ìbàdí mi o!" Ó bọ́ sí èkejì. "Yéè! Ọmọ fẹ́ já bọ́!" Hàlímọ̀ wà níwájú, ó ti fi ìborùn bojú. Àwọn ọlọ́kadà gbọ́ igbe, wọ́n tẹ̀lé wọn, wọ́n ń fun fèrè kí ọ̀nà lè là. Nígbà tí wọ́n fi dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì kan ti ti ibùsùn ẹlẹ́sẹ̀ yíyí sáré jáde. Ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Ó rí irùngbọ̀n.

"Bàbá, kí ló ń ṣe yín?"

"Kò sí nǹkan kan. Mọ́tò ni mò ń dán wò." Àkíbù dìde, ó tú ìrọ̀rí, ó kọjú sí Awótúndé. "Mọ́tò rẹ kò dára. Ọmọ ti bọ́ ní kòtò kejì."

Ìlú rẹ́rìn-ín. Hàlímọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Mọ́tò tí wọ́n ní nílé ti gbó. Okùn ló di ilẹ̀kùn rẹ̀ kan mú. Àkíbù ló sọ ọ́ ní Sùúrù, ó ní ohun tó ń jẹ nìyẹn, kì í ṣe epo. Nígbà tí Làtíífàt, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń rọbí àkọ́bí rẹ̀, Sùúrù kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ló bímọ sí. Ọmọ yè. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ Làtíífàt kò dá, díẹ̀ ló kù kí wọ́n pàdánù rẹ̀. Láti ìgbà náà Àkíbù kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn rí.

Wàyí o, Làtíífàt tún ti lóyún. Ó ti wá sílé àwọn òbí rẹ̀ láti dúró de oṣù rẹ̀. Wọ́n ní ìbejì ni. Ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ní Ìbàràpá, ẹni tó bá bí ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi pé èkejì ńkọ́. Ṣùgbọ́n dókítà ti kìlọ̀: "Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lójú ọ̀nà." Oorun kúrò lójú Hàlímọ̀. Bí Sùúrù bá ti húkọ́ láàárọ̀, àyà rẹ̀ á já.

Owó mọ́tò wà nílẹ̀. Mọ́tò tí Àkíbù yóò gbà ni kò sí. Ó kọ ọ̀kan nítorí fèrè. Ó ní ó ń ké bí ewúrẹ́: bí òun bá fun ún, ewúrẹ́ á máa dáhùn, èèyàn ò ní kúrò lọ́nà.

Adétóyìn, olùkọ́ kan tó fẹ́ padà sílùú rẹ̀, gbé tirẹ̀ wá. Mọ́tò náà mọ́ bí àwo tuntun. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀. Hàlímọ̀ wọ̀ ọ́, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

"Wíńdò yìí kì í wálẹ̀?" ni Àkíbù bèèrè.

"Ó ti há, Bàbá. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Atẹ́gùn tútù wà."

"Báwo ni n óò ṣe máa kí èèyàn?"

"Ẹ máa juwọ́ sí wọn."

"Kí n juwọ́ sí Lèmọ́mù? Bí ẹni tó ń lé eṣinṣin?" Àkíbù sọ̀ kalẹ̀. "Wọ́n á ní mo ra mọ́tò tán, mo ya odi."

Nígbà tí wọ́n délé, Hàlímọ̀ kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Bàbá Làtíífàt, ṣé kíkí èèyàn lẹ fẹ́ fi gbé ọmọ mi dé ọsibítù?"

"Mọ́tò tí a ó wà pẹ́ ni. Ó yẹ kó dùn ún wà."

"Adùn! Ikùn ọmọ ti sọ̀ kalẹ̀, adùn lẹ ń wá!"

"Méjèèjì ni mò ń wá. Bí mo ṣe wá ìyàwó náà nìyẹn. Èyí tó mọ iṣẹ́, tó sì dùn ún wò."

Hàlímọ̀ fẹ́ bínú. Ó wá ìbínú náà, kò rí i.

Ẹni tó kàn ni Búrẹ́mọ̀, tó ń ta iṣu ní Lanlate. Mọ́tò tirẹ̀ pupa bí ilẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, wíńdò ń lọ sókè sódò, ohùn fèrè rẹ̀ ki. Ìtìjú ti tán lójú Hàlímọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló so ìrọ̀rí mọ́ ọkọ rẹ̀ níkùn. Wọ́n gbéra. Kòtò àkọ́kọ́, Àkíbù dákẹ́. Kòtò kejì, ó dákẹ́. Búrẹ́mọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ó tẹ búréèkì.

"Màmá! Bàbá ti kú sínú mọ́tò mi! Mo dáràn!"

Hàlímọ̀ yíjú sẹ́yìn. Ó na ọwọ́, ó di ẹsẹ̀ Àkíbù mú, ó mì ín. Àkíbù hanrun, ó lajú.

"Èyí ni," ó wí. "Mo ti bímọ, n kò mọ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí Làtíífàt fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lẹ́yìn ìrun òwúrọ̀. Láńre ọkọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Àkíbù jókòó sídìí mọ́tò pupa tí ó ti rà náà, ó mú kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ kò rí ojú ihò. Hàlímọ̀ gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ti ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ yí kọ́kọ́rọ́.

Kòtò àkọ́kọ́. "Làtíífàt, ṣé ó dùn ọ́?"

Kòtò kejì. "Ṣé ìyẹn náà dùn ọ́?"

"Bàbá, ọmọ ló ń dùn mí, kì í ṣe mọ́tò! Ẹ sáré!"

Ní oríta, àwọn ọlọ́kadà rí mọ́tò, wọ́n rí ẹni tó sùn sẹ́yìn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó yà fún wọn. "Bàbá Làtíífàt! Mọ́tò mélòó lẹ fẹ́ rà? Ọmọ ti bọ́ àbí kò tíì bọ́?"

Hàlímọ̀ yọ orí lójú wíńdò. "Ẹ kúrò lọ́nà! Òótọ́ ni tòní!"

"Háà! Ìyá náà ti kọ́ ọ!"

Àkíbù gbé ọwọ́ lé fèrè, kò gbé e kúrò títí wọ́n fi kọjá. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ọjọ́sí jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò dìde. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èyí ńkọ́? Ó dára?"

Ìgbà náà ni Làtíífàt ké. Igbe obìnrin tó ń rọbí kò jọ ti Àkíbù. Nọ́ọ̀sì sáré, ó fi bàtà sílẹ̀.

Ìbejì ni lóòótọ́, akọ àti abo. Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n dókítà wà lórí rẹ̀, ó dá. Hàlímọ̀ jáde láti wá ọkọ rẹ̀. Ó bá a lórí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò. Ó dùbúlẹ̀, kò so ìrọ̀rí, tẹ̀sùbáà wà láyà rẹ̀.

"Wọ́n ti dé. Méjì. Làtíífàt ń mu ẹ̀kọ."

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti dá."

Àkíbù fa fìlà bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì. Hàlímọ̀ rọra ti ilẹ̀kùn, ó dúró tì í kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Ọyẹ́ tó kọjá ni Àkíbù kú, lójú oorun. Níbi tí wọ́n ti ń kí Hàlímọ̀ kú ẹ̀yìndè, ẹnì kan sọ̀rọ̀ kan ìrìn Ìgbó-Ọrà ọjọ́sí. Lèmọ́mù rẹ́rìn-ín, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó tún rẹ́rìn-ín. Hàlímọ̀ náà rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀rín náà fi yí padà lẹ́nu rẹ̀.

Láńre ló ń wa mọ́tò náà báyìí. Àkíbù kúrú, ó ti fa ìjókòó awakọ̀ síwájú pátápátá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tó búréèkì. Láńre ga bí igi àgbọn. Bí ó bá ń gbé àwọn ìbejì lọ sílé kéwú, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Mẹkáníìkì sọ fún un pé irin kékeré kan ló wà lábẹ́ ìjókòó náà, kí ó kàn fà á, yóò sún sẹ́yìn.

"Mo mọ̀," ni Láńre wí. Ó tẹ̀ ba, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé, ó sì wà á lọ.