Àbúrò Mi Tí Kì Í Kọ Ẹrù

“Gbé e wá, àyè ṣì wà.” Ohun tí àbúrò mi ọkùnrin máa ń sọ nìyẹn bó bá fẹ́ gbéra lórí ọ̀kadà rẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Kò sí ẹrù tí í kọ̀, ìbáà ṣe gààrí tàbí ewúrẹ́.

Lọ́dún tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, ó fi irin, tapólì àti ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà kan ọkọ̀ òfurufú kékeré. Àwọn aládùúgbò ní kò ní kúrò nílẹ̀ láéláé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gan-an.

Lọ́jọ́ tó fẹ́ gbé e fò ní pápá ilé-ìwé, ìyá wa gbé iṣu mẹ́rin dé.

“Bí o bá dé Ìpáò, kó o fún ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń gbé níbẹ̀. A kì í fi ọwọ́ òfìfo wọ ulé ẹni.”

“Ẹ gbé e wá, Màmá, àyè ṣì wà.”

Ó kó o sí ìdí ọkọ̀. Bó ti ń sáré láti gbéra, iṣu fa ìdí ọkọ̀ wálẹ̀, imú rẹ̀ nà sókè, kò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ó yà bàrá sósì, ó wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ.

Àbúrò mi rá jáde láìfarapa, ewé ẹ̀gẹ́ ní orí rẹ̀.

“Páílọ́ọ̀tì, ṣé Ìpáò nìyí?” Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ló kọjú sí.

“Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ kì í parọ́, ṣé ó kúrò nílẹ̀?”

“Táyà iwájú kúrò. Méjì ẹ̀yìn kò kúrò.”

Ó fò sókè, ó pàtẹ́wọ́.

“Ẹ ò gbọ́? Ó ku méjì péré!”