Ìwé Tí Màmá Gbọ́dọ̀ Fọwọ́ Sí

Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Àǹtí Kọ́kọ́rọ́, torí pé kọ́kọ́rọ́ ló ti ń gé fún wọn láti bí ọdún méjìdínlógún, nínú ìsọ̀ kan tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ó mọ ilẹ̀kùn gbogbo èèyàn, kò sì ní ẹyọ kan tó jẹ́ tirẹ̀. Yàrá méjì ló háyà ní àjà kẹta, òun àti màmá rẹ̀, àtẹ̀gùn méjìlélógójì ni wọ́n sì máa ń gùn kí wọ́n tó débẹ̀. Orúnkún Màmá ti kọ̀ jálẹ̀. Láti ọdún tó kọjá, àyàfi ọjọ́ dókítà, Màmá kì í sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ojú fèrèsé ló ti ń wo ayé.

Nígbà tí tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wá sọ pé òun fẹ́ ta ilé òun, ilé oníyàrá méjì tí kò ní àtẹ̀gùn kankan, Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ń tọ́jú owó bọ̀, ọjọ́ ti pẹ́. Báńkì yóò yá a ní èyí tó kù, òun yóò sì máa san án díẹ̀díẹ̀ fún ogún ọdún. Ó rò pé bí ẹni tó nílé bá ti fẹ́ tà, tí ẹni tó fẹ́ rà náà sì ti gbà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Irọ́ ńlá!

Báńkì ní kó wá lọ́yà. Ó wá lọ́yà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ bi í pé, "Lọ́yà, ẹ̀yin lẹ máa gbèjà mi tí báńkì bá fẹ́ rẹ́ mi jẹ, àbí?"

Lọ́yà ní, "Àǹtí, èmi náà ni mò ń ṣe lọ́yà báńkì lórí ọ̀rọ̀ ilé yìí."

Báńkì tún rán ẹnì kan lọ yẹ ilé náà wò, Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ ló sì sanwó rẹ̀. Ó jókòó, ó ń retí kí wọ́n wá sọ fún òun bóyá òrùlé ń jò. Lọ́yà ní rárá o, torí ara rẹ̀ ni báńkì ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, kó lè mọ̀ bóyá ilé náà tó owó tó fẹ́ yá a. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ti òrùlé, kó lọ wá ẹlòmíì, kó sì san owó míì. Wọ́n ní kó ra ìnṣọ́ránsì, nítorí bí iná bá jó ilé tí kò tíì di tirẹ̀. Wọ́n ní kó mú ìwé wá láti fi hàn pé owó tó tọ́jú kì í ṣe owó olè. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́, kò sí èyí tó ń yé e. Ó ṣáà ń mi orí bí alángbá, ó sì ń fọwọ́ sí i.

Ibi tí fọ́ọ̀mù báńkì ti béèrè ẹni tí ilé náà máa jẹ́ tirẹ̀ ló ti ṣe èyí tó ju gbogbo rẹ̀ lọ. Orúkọ Màmá ló kọ síbẹ̀. Tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti béèrè àwọn tó máa gbé ibẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Ọmọ wo ló máa kọ orúkọ ara rẹ̀ ṣíwájú ti ìyá tó bí i? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù náà fi jókòó sórí tábìlì ẹnì kan ní báńkì kí lọ́yà tó pè é lórí fóònù.

"Àǹtí, ta ló ń ra ilé yìí gan-an?"

"Èmi ni."

"Ta ló wá máa ni ín?"

"Màmá mi ni."

"Ṣé wọ́n máa bá yín san nínú owó báńkì ni?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi san án, lọ́yà? Orúnkún?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá kọ pé àwọn ló ni ín?"

"Ṣebí ìyá mi ni wọ́n. Ohun tí mo bá ní, tiwọn ni."

Lọ́yà mí kanlẹ̀. "Àǹtí, bí mo ṣe máa sọ ọ́ nílé tèmi náà nìyẹn. Àmọ́ báńkì ò níyàá."

Ó wá ṣàlàyé. Fọ́ọ̀mù ṣeé tún kọ, ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí Màmá ti máa gbé ibẹ̀, ìwé kan wà tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, pé òun ò ní ẹ̀tọ́ kankan nínú ilé náà tó ju ti báńkì lọ. Bí owó ò bá wọlé, tí báńkì sì fẹ́ gba ilé, òun yóò jáde láìjanpata. Lọ́yà mìíràn ló gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìwé náà fún un, láìsí ọmọ rẹ̀ nínú yàrá.

"Lọ́yà mìíràn kẹ̀? Èmi àti Màmá ò jà o."

"Kí wọ́n má baà wá sọ lọ́jọ́ iwájú pé ọmọ àwọn ló tan àwọn ni."

"Èmi? Kí n tan ìyá mi?" Inú bí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé fóònù. Ọjọ́rú nìyẹn. Tíṣà sì ti sọ pé bí ìwé ò bá pé di ọjọ́ Ẹtì, òun máa tà á fún ẹlòmíì tí owó rẹ̀ ti wà lọ́wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé tíì fún Màmá, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Báwo lèèyàn ṣe ń la ẹnu sọ fún ìyá rẹ̀ pé, ẹ ò ní ẹ̀tọ́ nínú ilé ọmọ yín? Ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Ó ní, "Màmá, ìwé kékeré kan wà tẹ́ ẹ máa bá mi fọwọ́ sí lọ́la. Ìwé ilé ni."

Màmá gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ lọ́yà ṣáà ni, Màmá."

Màmá sún kọ́ọ̀bù náà sẹ́yìn. Kò mu tíì náà tán. Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ dùbúlẹ̀. Ṣé Màmá ń bínú ni? Ṣé kò fẹ́ ilé náà ni? Ṣé ẹnì kan ti sọ nǹkan fún un?

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n sọ àtẹ̀gùn méjèèjìlélógójì kalẹ̀, Màmá ń di irin mú, ó ń sinmi ní gbogbo ibi tó bá ti ṣeé sinmi. Ọ́fíìsì lọ́yà kejì wà lẹ́yìn ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta ìwé, ìyá àgbà onírun funfun sì ni lọ́yà náà. Ó ní kí ọmọ jókòó síta. Ó ti ilẹ̀kùn.

Ogójì ìṣẹ́jú ni Àǹtí Kọ́kọ́rọ́ fi wo ògiri. Kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Màmá nìkan ló jáde, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àyè ìfọwọ́sí sì ṣófo.

"Màmá, ẹ ò fọwọ́ sí i."

"Mo mọ̀. Sún kí n jókòó." Màmá jókòó tì í. "Lọ́yà ti ṣàlàyé fún mi, ó sì ṣàlàyé dáadáa. Ìwọ náà wá sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún mi."

"Ṣé wọ́n ti sọ fún yín..."

"Lẹ́nu tìẹ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ."

"Ó jẹ́ pé báńkì... Màmá, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún wa o..."

"Mi ò ní kó o ṣàdúrà fún mi."

Gbogbo ohun tó ti ń gbọ́ láti oṣù méjì rọ́ wá sí i lórí, òrùlé, ìnṣọ́ránsì, lọ́yà tó ń ṣe ti òun tó tún ń ṣe ti báńkì. Ó wá rí i pé nínú gbogbo rẹ̀, eléyìí nìkan ló yé òun, ìyẹn gan-an lòun sì ń sá fún.

"Tí mi ò bá rówó san, báńkì máa gba ilé náà, á sì tà á. Wọ́n á ní ká jáde. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò jáde, ìwé yìí ni wọ́n máa mú jáde. Ẹ ò ní lè sọ pé ilé ọmọ yín ni." Ojú tì í débi pé kò lè wo Màmá.

"Ṣé o máa lè san án?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ogún ọdún jìnnà, Màmá. Mi ò lè búra."

Màmá ṣẹ́ ìwé náà po sórí itan rẹ̀, ó tún un tẹ́. "Nígbà tí bàbá ẹ kú, ọmọ ọdún mẹ́rin ni ẹ́. Àwọn àbúrò ẹ̀ mú ìwé kan wá. Ìyàwó wa, ìyàwó wa, ni wọ́n ń pè mí, wọ́n tiẹ̀ ra ọsàn wá fún ẹ. Wọ́n ní kí n kàn tẹ̀ka sí i, kí wọ́n lè máa bá mi bójú tó ilé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje, ẹrù wa ti wà níta."

"Ẹ sọ fún mi pé torí ilé ẹ̀kọ́ la ṣe kó kúrò níbẹ̀."

"Kí ni kí n sọ fún ọmọ ọdún mẹ́rin?" Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Láti àná ni mo ti ń retí kó o sọ búburú tó wà nínú ìwé yìí fún mi. O ò sọ ọ́. Ọmọ tí mo fi inú mi bí, ẹ̀rù ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí."

Ẹkún gbọ̀n Àǹtí Kọ́kọ́rọ́. Màmá fi etí aṣọ nù ún lójú bí ìgbà tó wà ní kékeré, ó gbá orúnkún mú, ó sì dìde. Ó kan ilẹ̀kùn lọ́yà.

"Lọ́yà, a ti parí ọ̀rọ̀ wa. Ẹ fún mi ní bírò."