Ihò Inú Kọ̀ǹpútà Alhaji

Ìgbà kẹta tí kọ̀ǹpútà ńlá Alhaji dákú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ku díẹ̀ kí èmi náà dákú. Alhaji ń ta aṣọ ní àdúgbò Bè. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ rẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ìkeje rí mi, ó sá.

"Bàbá Súlè," Alhaji wí, "tó bá tún dákú lónìí, ẹ máa lọ sinmi nílé."

Ó ti pe ẹnjiníà kan wá láti Tokoin. Ìwé-ẹ̀rí ọ̀gbẹ́ni náà pọ̀ débi pé ọ̀kadà zẹ́mì tó gbé e wá sinmi lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà.

"Bọ̀ǹjúù, Bàbá." Ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ bí ẹni fọwọ́ kan òkú. "Ó ti gbó. Ẹ ra tuntun."

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ọdún márùn-ún kọ́ ọ nìyẹn! Èmi tí n kò gbọ́n pa ẹ̀rọ, mo tún tàn án, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ka ihò inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Àwọn ètò inú kọ̀ǹpútà máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ihò tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ ló ń jẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Èyí tí kò yọjú síta, tó wà fún òfófó inú ilé nìkan, là ń pè ní ti abẹ́lé. Tí wọ́n bá ṣí i tí wọn ò dí i, ihò á pọ̀ kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè gbà. Lẹ́yìn náà, kò ní ṣí ọ̀kan sí i fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọba; á kàn dákú.

Mo kọ ss, àṣẹ tó ń ka ihò, mo fi x tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ tò wọ́n sí ìlà-ìlà: ogóje. Àwọn olùtajà mẹ́ta lọ kírun Àílà, wọ́n padà jókòó. Mo tún kà: mẹ́rìndínláàádọ́jọ.

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé àdúrà ló ń lu ihò ni?"

"Rárá, mùsíọ̀. Ẹni mẹ́ta padà, ihò mẹ́fà lé. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ihò tirẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ní tirẹ̀. Àbí ẹ ò dé kíláàsì ìṣirò?"

Mo lọ dúró lẹ́yìn àwọn olùtajà. Kọ̀ǹpútà ńlá yẹn ni ojú ẹ̀rọ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò so mọ́. Wọ́n kírun tán, wọ́n ṣí ojú ìwé títà tuntun. Wọ́n jẹun tán, tuntun. Oníbàárà wọlé, tuntun. Ti òwúrọ̀ ṣì wà lábẹ́, ẹnikẹ́ni ò pa á, ihò rẹ̀ ṣì ṣí. Mo pa gbogbo rẹ̀, mo tún kà. Iye ihò já wálẹ̀ wìì. Ẹ̀rọ ò dákú mọ́.

Alhaji bínú. "Ta ló kọ́ yín ní irú ìwàkiwà yìí?"

Wọ́n wo ara wọn. "Bàbá Súlè ni. Wọ́n ní ẹni bá pa ojú ìwé, iṣẹ́ rẹ̀ á sọnù."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo sọ ọ́, kí wọ́n má baà máa pè mí kúrò nídìí oúnjẹ mi láti wá iṣẹ́ tó sọnù.

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín músẹ́. Alhaji yíjú sí i.

"Ẹ máa lọ, mùsíọ̀. Bàbá yìí ò lè lọ síbì kankan. Tí wọ́n bá lọ, ta ló máa fi ibi tí wọ́n ti ba ẹ̀rọ jẹ́ hàn wá?"

Mo ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ibi tí mo bà jẹ́ tí wọn ò tíì rí ṣì kù díẹ̀.