Ìtànṣán Kì í Gbọ́ Ẹ̀bẹ̀

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, àwọn àgbà ìjọ wa mẹ́ta wá sílé mi ní Laurel, l'Amẹ́ríkà. Wọ́n wá bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò yege. Mo gbé omi fún wọn, mo jókòó, mo gbọ́ tẹnu wọn tán, inú sì bí mi gan-an. Ẹ̀bẹ̀ dára, mi ò sọ pé kò dára. Èmi náà ti bẹ èèyàn rí. Ṣùgbọ́n irú ìdánwò wo ni wọ́n rò pé mò ń ṣe fún àwọn èèyàn? Àkọ́sórí ọjọ́ ìkórè ni?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà kẹ́ ẹ tó dá mi lẹ́bi. Lẹ́yìn ọdún 2000 díẹ̀ ni iléeṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan gbà mí ní olùkọ́. Wọ́n háyà ilé ìkẹ́rùsí kan létí títì Route 1, ibẹ̀ la ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi agbára átọ́míìkì pèsè iná mànàmáná. Irú ibẹ̀ máa ń pa ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti tún un ṣe, ìgbà náà ni wọ́n máa ń wá èèyàn rẹpẹtẹ tí yóò nulẹ̀, tí yóò gbé irin, tí yóò fa rọ́bà omi. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè wọlé láìní béèjì, ìyẹn káàdì ìwọlé, kò sì sí béèjì láìsí ẹ̀kọ́ àti ìdánwò.

Kí wọ́n tó fi èèyàn ránṣẹ́ sí mi pàápàá, wọ́n á ti wádìí ìgbé ayé ẹ̀, wọ́n á ti gba ìtọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n á sì ti bi í ní ìbéèrè jàn-ànràn jan-anran láti mọ̀ bóyá orí ẹ̀ pé. Arábìnrin kan láti ìjọ aládùúrà dé ibi tí wọ́n ti bi í bóyá ó máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kì í gbọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àárọ̀ àti alẹ́. Ọjọ́ tí mo lò lórí fóònù kí n tó lè ṣàlàyé fún dókítà wọn pé àdúrà ni obìnrin yìí ń sọ, kì í ṣe wèrè, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ẹni tí wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ fún lọ́jọ́ Àìkú yẹn ni Bàbá Ọdẹ́tọ̀lá. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ìbàdàn rí, wọ́n lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ara wọn sì le koko. Ọmọ wọn ló mú wọn wá sí Amẹ́ríkà, àga gbọọrọ inú pálọ̀ ọmọ náà ní Greenbelt ni wọ́n sì ń sùn. Tí ìyàwó ọmọ bá ní àlejò, Bàbá á lọ máa rìn kiri ìgboro títí àlejò á fi lọ. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fẹ́ fi gba yàrá tiwọn. Gbogbo ohun tí wọ́n ń wá kò ju kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kan lọ.

Wọ́n yege nínú ìdánwò orí ìwé. Inú yàrá ìdánrawò ni nǹkan ti dàrú. Kò sí ìtànṣán kankan, ìyẹn agbára átọ́míìkì tó ń ba ara èèyàn jẹ́ láìṣeé fojú rí, nínú yàrá náà o. Lẹ́búlẹ́bú kan ni mo máa ń bù sára àwọn irinṣẹ́, ojú lásán kò lè rí i, àmọ́ tí mo bá tan iná búlúù kan sí i, á máa dán yinrin. Ohun tá à ń pè ní ìdọ̀tí níbi iṣẹ́ yẹn ló dúró fún, ìyẹn eruku tó ní ìtànṣán nínú, tí kì í rùn, tí kì í sì í ta èèyàn. Ẹni tó ń ṣe ìdánwò á wọ aṣọ tó bò ó látòkè délẹ̀, á wọ ìbọ̀wọ́ lórí ìbọ̀wọ́, á sọdá okùn yẹ́lò tó pààlà ibi eléwu, á ṣiṣẹ́, á sì bọ́ aṣọ náà lẹ́sẹẹsẹ bí mo ṣe kọ́ ọ. Bíbọ́ ọ le ju wíwọ̀ ọ́ lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Walter ló máa ń ṣe fọ́máànù nínú ìdánwò náà. Sójà ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì ni, orí ẹ̀ funfun báláú, òun ló kọ́ èmi fúnra mi níṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó pàṣẹ tí kò tọ̀nà, ká lè mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ á ní kó dúró. Òfin iṣẹ́ náà ni pé ẹni tó kéré jù níbẹ̀ lè dá iṣẹ́ dúró tó bá rí ewu.

Walter sọ fún Bàbá pé, "Bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn, fi ìka mú síkúrù yìí kíá. Àkókò ti lọ."

Bàbá ní, "Yẹ́ẹ̀sì, sà." Wọ́n bọ́ ọ. Wọ́n mú síkúrù. Wọ́n tún fi ọwọ́ náà nu òógùn ojú.

Mo tan iná búlúù. Ìka wọn, imú wọn, ètè wọn, gbogbo ẹ̀ ń dán yinrin. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín rárá.

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́?"

"Ọ̀gá ni."

"Ẹ sì mọ̀ pé kò dáa?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣé kí n wá máa sọ fún ọ̀gá pé kò mọṣẹ́ ni? Ìwọ Fọlákẹ́, ta ló kọ́ ẹ nírú ìwà bẹ́ẹ̀?"

Bí mo ṣe ní wọ́n fìdí rẹmi nìyẹn. Wọ́n bọ́ aṣọ, wọn ò kí mi, wọ́n jáde. Ìgbà tó máa fi di ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyàwó àlùfáà wa, tá à ń pè ní Ìyá Ìjọ, ló ṣáájú àwọn tó wá. "Fọlákẹ́, ṣé torí ìbọ̀wọ́ lásánlàsàn ni wàá fi sé ọ̀nà mọ́ àgbàlagbà? Fojú fò ó. Ti wa ni wọ́n."

"Ìyá Ìjọ, ìtànṣán kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Tí eruku yẹn bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró Bàbá, ta la fẹ́ rán lọ bẹ̀ ẹ́ kó jáde?"

Wọ́n dìde. Kò sẹ́ni tó fẹnu kan omi mi. Ọ̀kan nínú wọn ní Amẹ́ríkà ti bà mí jẹ́.

Ẹ̀yin rò pé ibẹ̀ ló parí sí? Lọ́jọ́ kejì, máníjà wa, òyìnbó tó máa ń wọ táì kiri ilé ìkẹ́rùsí, pè mí sí ọ́fíìsì. Iye èèyàn tó ti ṣèlérí fún iléeṣẹ́ iná náà kò tíì pé. "Jẹ́ kó kọjá," ló wí. "Ilẹ̀ lásán ló fẹ́ lọ nù." Mo bọ́ bíírò tí mo fi okùn kọ́ sọ́rùn, mo gbé e síwájú ẹ̀. Mo ní kí òun alára fọwọ́ sí ìwé pé Bàbá yege. Kò fọwọ́ kàn án. Ojo! Ìyá Ìjọ kò mọ̀ nípa ìtànṣán, àánú ló ń ṣe é. Èyí mọ̀, ó sì fẹ́ rán bàbá arúgbó lọ síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òfin gba ẹni tó bá kùnà láyè láti tún un ṣe. Mo pe Bàbá lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti àwọn nìkan la wà ní yàrá ìdánrawò, Walter wà ní yàrá kejì. Mo ṣe bí ọ̀gá, mo jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má bínú sà, mo fẹ́ fi ọ̀wọ̀ sọ pé..."

"Bàbá! Kẹ́ ẹ tó kí i tán, eruku ti wọ imú yín."

"Ẹnu mi ò gbà á ni! Wọn ò bí mi bẹ́ẹ̀!"

Inú wá bí mi gidi. Mo ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ ọ́ létí wa pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́? Fọ́máànù wo ló dàgbà tó yín níbẹ̀? Ẹ̀yin ni àgbà ọjà! Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, irú àgbà wo nìyẹn?"

Wọ́n tún fa ìbọ̀wọ́ wọn sókè. Nígbà tí mo tún jágbe, ohùn tó jáde lẹ́nu wọn mú kí Walter sáré wá láti yàrá kejì. "Dúró! Mi ò bọ́ ọ! Ìwọ náà, kúrò níbẹ̀!" Wọ́n yege. Bọ́ọ̀sì gbé wọn lọ sí ìpínlẹ̀ kejì, ayọ̀ ọkàn mi sì pọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá kan ilẹ̀kùn mi pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Fọ́máànù kan, ti iléeṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tiwa gan-an, ní kí wọ́n sọdá okùn lọ fa rọ́bà omi kan, ẹni tó máa wọn ìtànṣán ibẹ̀ kò sì tíì dé. Bàbá ní dúró. Gbogbo iṣẹ́ dúró. Nígbà tí wọ́n wọn ibẹ̀, ìtànṣán ibẹ̀ pọ̀ ju ohun tí wọ́n gbà láyè lọ. Lọ́jọ́ kejì, fọ́máànù ní kò síṣẹ́ fún Bàbá mọ́.

Mo wakọ̀ lọ bá máníjà. Ó ní, "Inú kíláàsì lọ̀rọ̀ dídúró yẹn wà. Ibi iṣẹ́ yàtọ̀." Ẹ gbọ́ o! Ohun tí mo fi ń jẹun, tí mo ń fi ohùn mi kọ́ àwọn èèyàn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, eré orí ìtàgé ni lójú ẹ̀! Mo sọ ọ̀rọ̀ sí i tí mi ò lè kọ síbí. Àwọn àgbà ìjọ ní kí Bàbá lọ bẹ fọ́máànù, kí wọ́n tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un. Bàbá ní òun ò lọ. Mo bi Bàbá bóyá kí n pe ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó iná átọ́míìkì. Wọ́n ní, "Pè é."

Mo pè é. Ìwádìí bẹ̀rẹ̀, wọ́n lé fọ́máànù, wọ́n sì pe Bàbá padà. Èmi náà, kò pẹ́ tí máníjà fi sọ pé wọn ò nílò olùkọ́ mọ́. Mo rí ibòmíì, mo ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò sì yí ẹ̀kọ́ yẹn padà fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá pè mí láti ibi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tí wọ́n padà débẹ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó fẹ́ bá àwọn ṣiṣẹ́ pọ̀, pé àwọn nìkan ló ń jẹun lórí tábìlì, pé àwọn tó kù ń pe àwọn ní ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi?"

"Mò ń bínú sí ẹ, Fọlákẹ́. Mò ń bínú sí ẹ gan-an. Ṣùgbọ́n ìtànṣán ò kàn mí, kò sóhun tó ṣe mí."

Mo ní kí wọ́n máa bínú lọ.