Pèpéle Ènìyàn Méje ní Eleko

Káfíńtà ni Bọ̀ọ̀dá Gàníyù. Yàrá wọn ló kọjú sí tiwa ní Ajah. Ìkirè ni wọ́n ti wá, ibẹ̀ ni ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ wọn ṣì wà. Iṣẹ́ dẹ́kìn ni wọ́n mọ̀ jù. Àwọn ló máa ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré lé lórí nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ilé alájà, wọ́n á sì to ọparun gígùn sábẹ́ rẹ̀ láti gbé e ró títí kọnkéré á fi gan. Wọ́n ti ṣe é ní ilé mẹ́ta ní VGC, ẹ̀sìtéètì àwọn olówó. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí ìkẹta, ọlọ́dẹ ẹnu géètì gba káàdì ìwọlé lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì tún fojú kan ilé náà mọ́.

Ìyá mi ló sọ fún mi pé tí wọ́n bá ń da kọnkéré, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni Bọ̀ọ̀dá Gàníyù máa ń dúró sí. Wọ́n á máa fi hámà gbá àwọn ọparun níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa tẹ́tí. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá le, ẹrù wà lórí rẹ̀. Èyí tó bá dún bọ̀ọ̀, kò gbé nǹkan kan. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè dúró sábẹ́ dẹ́kìn tó kàn, kó má kàn án.

Oṣù mẹ́rin ni wọn kò fi rí sáìtì kankan lọ́dún yìí. Nígbà tó yá, Ọ̀gá Akínbọ̀dé ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀gá yìí ló ni ilé ọtí kan létíkun ní Eleko, níbi tí ìyá mi ti ń dín ẹja ní gbogbo Sátidé. Olórin kan tó ń jẹ́ Ṣèyílọ́lá ń bọ̀ wá ṣeré níbẹ̀, ọ̀gá sì fẹ́ pèpéle lórí yanrìn fún olórin náà àti àwọn mẹ́fà tó máa ń bá a lùlù, tí wọ́n sì ń ta gìtá. Tí iṣẹ́ náà bá wu ọ̀gá, Bọ̀ọ̀dá Gàníyù ni yóò kan òrùlé yàrá mẹ́jọ tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ilé ọtí náà. Iṣẹ́ òrùlé yẹn lè gba ìdajì ọdún. Bọ̀ọ̀dá sọ fún ìyá mi pé tí òun bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun á lọ kó ìyàwó àti àwọn ọmọ òun wá sí Ajah.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kan pèpéle náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní sáìtì ni wọ́n ṣe é: ọparun méjìlá, àti pákó pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ líle ni ti sáìtì.

Ní Sátidé, láti aago mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ti ń dé. Àwọn kan gun kẹ̀kẹ́ márúwá wá láti Ajah, àwọn mìíràn gbé ọkọ̀ wọn wá láti inú ẹ̀sìtéètì. Gbogbo wọn ló so aṣọ pupa mọ́ ọrùn ọwọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Ṣèyílọ́lá máa ń ṣe. Wọ́n ń jiyàn nípa orin tí yóò kọ́kọ́ kọ. Obìnrin kan wo ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ tó jẹ́ pé àná lo gbọ́ orúkọ ẹ̀, ìwọ náà so pupa." Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kò sì tú u.

Orin bẹ̀rẹ̀ ní aago márùn-ún, Bọ̀ọ̀dá Gàníyù sì mú hámà, wọ́n wọ abẹ́ pèpéle. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde wá bá ìyá mi nídìí ẹja, ojú wọn ti yí padà. Wọ́n ní ariwo sípíkà kò jẹ́ kí àwọn gbọ́ ohùn ọparun kankan. Ọwọ́ ni àwọn fi ń dì wọ́n mú láti mọ èyí tó ń mì. Méjì tó wà ní àárín iwájú ti ń mì, yanrìn ti ń gbé ẹsẹ̀ wọn mì. Wọ́n ti há pákó mìíràn sábẹ́ wọn, òun náà ń rì.

Bàṣírát tó ń gbé ọtí fún àwọn oníbàárà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, èyí tẹ́ ẹ rí yìí kò tíì tó nǹkan o. Tó bá kan orin ìkẹyìn, gbogbo àwọn yìí ló ń gun orí ẹ̀."

Bọ̀ọ̀dá bi í pé àwọn wo. Bàṣírát na tíréè ọtí ọwọ́ rẹ̀ sí gbogbo etíkun. Àṣà Ṣèyílọ́lá ni pé tí orin ìkẹyìn bá dé, á pe àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sókè láti bá a jó. Nítorí ìyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń wá. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó sọ fún káfíńtà.

Bọ̀ọ̀dá Gàníyù lọ bá ọ̀gá nítòsí tábìlì ọtí, èmi náà sì wà níbẹ̀, mo ń gba ọ̀rá yìnyín. Wọ́n bẹ ọ̀gá kó sọ fún olórin náà pé kó má pe ẹnikẹ́ni sókè. Ọ̀gá ní kò ṣeé ṣe, àwọn ènìyàn yóò fọ́ ìgò mọ́ òun lórí. Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Gàníyù, ṣebí ìwọ lo kàn án? Ìwọ náà lo tún ń sọ pé kò dáa?"

"Èmi ni mo kàn án, sà. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn."

Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ jókòó, kí wọ́n sì rántí òrùlé.

Wọn kò jókòó. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ọwọ́ wọn wà lára ọparun tó wà létí. Orin kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti rọlẹ̀. Àwọn tó wà níwájú ti ń bọ́ bàtà wọn, wọ́n sì ń ká ṣòkòtò sókè. Ìyá mi ti gbàgbé ẹja sínú epo, ó ti ń di dúdú.

Ṣèyílọ́lá na ọwọ́ sókè láti pè wọ́n. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù gun orí pèpéle kí olórin náà tó sọ̀rọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ ní àárín iwájú, wọ́n fi ẹ̀yìn hámà fa ìṣó pákó kan, wọ́n sì yọ pákó náà. Wọ́n yọ èkejì. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Nígbà tó di ìkẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé wọn lórí.

Ẹnì kan pariwo pé, "Bàbá káfíńtà, ṣé ẹ fẹ́ máa gbé pákó yín lọ sílé ni?"

Ẹlòmíràn ju omi inú ọ̀rá, ó bà wọ́n léjìká. Wọn kò gbójú sókè. Ìkẹrin ni wọ́n ń yọ nígbà tí Ṣèyílọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe. Ó gbé máìkì sí wọn lẹ́nu.

"Ènìyàn méje ni mo kàn án fún," ni wọ́n sọ. "Abẹ́ ẹ̀ ni mo ti ń bọ̀. Kò ní gba gbogbo yín."

Ohùn wọn jáde nínú gbogbo sípíkà. Ariwo náà rọlẹ̀ débi pé mo gbọ́ òkun. Ṣèyílọ́lá wo inú ihò náà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gba ẹ̀gbẹ́ fò sílẹ̀ sórí yanrìn, ó ní kí gbogbo wọn yí òun ká. Ilẹ̀ ni wọ́n ti jó orin ìkẹyìn. Àwọn kan jó dáadáa. Àwọn mìíràn bínú, wọ́n wọ bàtà wọn padà, wọ́n ń wí pé àwọn kò tìtorí èyí wá sí Eleko.

Ọ̀gá Akínbọ̀dé dúró kí orin parí. Kò pariwo. Ó ní, "Gàníyù, o ṣeun. Ṣùgbọ́n màá wá ẹlòmíì tó máa kan òrùlé yẹn."

"Ó dáa, sà."

Ìyá mi yí ojú sí iná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a padà lọ fọ àwọn ìkòkò wa. Bọ̀ọ̀dá Gàníyù ti tú pèpéle náà tán. Ọparun méjì tó wà níwájú ti rì gan-an, àmọ́ àwọn mẹ́wàá yòókù kò tíì yẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Mo bi wọ́n bóyá pèpéle náà ì bá wó lóòótọ́ ká ní gbogbo wọn gùn ún.

"Mi ò mọ̀," ni wọ́n wí. "Ó lè gbà wọ́n."

Wọ́n gbé òkúta kan sí àárín ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń fi hámà na àwọn ìṣó tó ti wọ́ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń jù wọ́n sínú agolo mílíìkì.