Òórùn Tó Lẹ̀ Mọ́ Ọkọ Àbúrò Mi

Tí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, kí eyín díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ́nu mi bọ́ dànù níbi tí mo ti ń jẹun. Ojú mi ló ṣe. Imú mi gan-an ni ká sọ, òun ló jìyà jù.

Ọkọ àbúrò mi obìnrin ni mò ń wí. Gọ́tà tó dí lẹ́yìn àwọn ilé oúnjẹ ló máa ń kó. Ẹ̀gbin ibẹ̀ kì í ṣe ẹrẹ̀ lásán o. Ọ̀rá tí wọ́n ti fi dín nǹkan, tó ti dì, tó funfun bí ojú òkú, tí ìdin ń rìn lórí ẹ̀, ọwọ́ lásán ló fi ń ha á! Kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọ inú ẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi òróró pa ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, pé òróró kì í jẹ́ kí omi gọ́tà kan ara. Tí wọ́n bá jáde, wọ́n á da omi lásán sára, ó parí. Wọ́n ní ọṣẹ máa ń ṣí ara sílẹ̀ fún àrùn. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná. Ṣíọ̀!

Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Aránṣọ ni àbúrò mi, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni máṣíìnì rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn, ìyá onílé ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ̀ ba, ó ń bì.

"Bàbá, ẹ bá wa bi àna yín, ṣé òkú ló ń gbé wálé ni?"

Mo wọlé. Alángbá tó wà lára ògiri ń wúkọ́. Àbúrò mi ń di ẹrù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Oníbàárà mi tún dá aṣọ padà lónìí, ó ní ṣé inú ṣáláńgá ni mo ti rán an. Mò ń lọ. Ẹ̀yin lẹ máa bá mi gbé e dé ìta."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni o!" ni ọkọ rẹ̀ ké. "Odindi dúrọ́ọ̀mù omi!"

"Gbóòórùn abíyá ẹ fúnra ẹ kó o tó máa ṣakọ!" ni àbúrò mi dá a lóhùn.

Ọkùnrin náà bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀ bí ẹja tó ti kú lánàá. Mo nu tèmi sára ògiri, ọ̀dà ibẹ̀ sì ṣí.

Èmi tí olùkọ́ kankan kò kọ́, àmọ́ tí àwọn olùkọ́ ń yọ́ wá bi léèrè nǹkan, mo ní, "Jókòó, àna mi. Rárá, má jókòó. Bọ́ síta, dúró lójú fèrèsé."

Ó bọ́ síta.

"Átọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe gbogbo nǹkan, ó kéré ju ohun tójú lè rí. Àwọn ègé kékeré tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń yí àárín átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ká, àwọn tó wà níta pátápátá ló ń so ọ̀kan mọ́ èkejì. Wo iyọ̀. Sódíọ̀mù yọ ọ̀kan nínú tiẹ̀, ó fún kílórínì. Ẹni tó fúnni di pọ́sítíìfù, ẹni tó gbà di nẹ́gátíìfù, ni wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra. Ti omi yàtọ̀. Háídírójìn àti ọ́síjìn jọ ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bí ìgbà tí tọkọtaya ń pín kúbùsù kan bora. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn máa ń fa kúbùsù sọ́dọ̀ ara ẹ̀."

"Mo mọ irú wọn!" ni àbúrò mi wí.

"Ìfà yẹn ló jẹ́ kí omi ní ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù tó fi ń di nǹkan mú. Nínú ọ̀rá, kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á dọ́gba, kò sí ibi tí omi máa rí dì mú. Òróró tó o fi ń para yẹn ló ń kó òórùn ọ̀rá gọ́tà mọ́ra. Omi kàn ń yọ̀ kọjá lórí ẹ̀ ni. Ọṣẹ ló ní orí kan tí omi ń dì mú, tó tún ní ìrù gígùn tó ń wọnú ọ̀rá. Fi ọṣẹ wẹ̀, kó o sì ju òróró yẹn nù!"

Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ gọ́tà yìí ni bàbá mi náà ṣe, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọn kò fi òróró para. Omi gọ́tà wọ egbò ẹsẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ jẹrà, ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Ṣé kí n fi ara lásán wọ̀ ọ́?"

Kò sí ìbéèrè tó ń di ẹnu mi. Mo kàn yíjú sẹ́yìn kí n lè mí ni.

Àbúrò mi wò ó lọ, wò ó bọ̀. Ló bá tú ẹrù tó ti dì, ó fa tapólì, aṣọ rọ́bà tí omi kì í là, tó fi ń bo máṣíìnì rẹ̀ jáde.

"Na apá ẹ, kí n wọ̀n ọ́. Má fọwọ́ kàn mí! Ojú ni màá fi wọ̀n ọ́."

Ó fi rán ẹ̀wù alápá gígùn àti ṣòkòtò tó bo ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ á máa wọ̀ dípò òróró, ó sì yọ́ àbẹ́là sí ojú rírán kí omi má baà gba ibẹ̀ wọlé. Ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ń fi ọṣẹ wẹ̀ lẹ́yìn ilé, ohun tó ń ṣàn lára rẹ̀ dúdú, ó ń fà bí ikun. Eṣinṣin tó bà lé e kò gbéra mọ́.

Ẹrù àbúrò mi padà sábẹ́ ibùsùn. Ṣùgbọ́n títí dòní, èmi kì í bọ ọkùnrin yẹn lọ́wọ́.

Tí ẹ bá rò pé mò ń bù mọ́ ọn, ìyá onílé wà láàyè, ẹ lọ bi í. Ẹ má kàn lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán.