Tòmátì Tí Ó Gun Òrùlé Ilé Àna

Òórùn ewé tòmátì kì í tètè kúrò lọ́wọ́. Ẹni tó bá já a láàárọ̀ yóò ṣì máa gbọ́ òórùn rẹ̀ tó bá ń jẹun ọ̀sán. Láàárín àwọn ọdún 1950, oṣù mẹ́rin gbáko ni òórùn yẹn fi wà lára mi, tí mo sì ń gbé e kiri Ìlá bí ẹni tó fi lọ́fínńdà sára. Tíṣà ni mí nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé funfun, ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún, àti kẹ̀kẹ́ tuntun. Ìmọ̀ tó wà lórí mi kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀.

Mo ń fẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó sì tún jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ń fẹ́ ọmọ ẹni gbọ́dọ̀ kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, kí wọ́n gbé ọkọ́, kí wọ́n lọ bá bàbá ìyàwó kọ ebè. Ọ̀wẹ̀ àna nìyẹn. Èmi kẹ̀? Kí èmi tíṣà lọ máa bẹ̀rẹ̀ kọ ebè lóko níṣojú àwọn ọmọ tí mò ń nà ní kíláàsì? Mo sọ fún Bàbá pé ọ̀làjú ti dé, pé kàkà kí n kọ ebè, n ó gbin tòmátì sí ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn, bí ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ mi ṣe wí. Bàbá wò mí, ó ní, "Ó dáa náà, Tíṣà." Ibi tó yẹ kí n dákẹ́ sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìjọ́hẹn ń bọ̀, ọjọ́ tí ẹbí ìyàwó máa sọ bóyá àwọn gbà tàbí àwọn ò gbà, ni mo bá tún fi kún un: "Bàbá, ọbẹ̀ tí Ìyá, ìyàwó yín, máa sè lọ́jọ́ náà, tòmátì mi ni wọn óò fi sè é. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fún mi lọ́mọ." Ẹnu ẹja ní í pa ẹja.

Ìwé ní ẹ̀kúnwọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́ kan ni kí n fi sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Mo ní bí ẹ̀kúnwọ́ kan bá dára, àpò á dára jù ú lọ. Mo da àpò mẹ́ta síbẹ̀, mo da ìgbẹ́ adìẹ lé e, mo sì ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Háà, tòmátì yẹn dàgbà o! Igi rẹ̀ ki ju àtàǹpàkò àgbẹ̀ lọ. Ewé rẹ̀ dúdú, ó fẹ̀. Gbogbo abẹ́ ẹ̀ka ló ń yọ ẹ̀ka mìíràn, gbòǹgbò funfun sì ń hù lára igi lókè, níbi tí kò sí ilẹ̀ tó fẹ́ wọ̀. Ó gun ọgbà, ó gun ògiri ilé ìdáná, ó gorí páànù. Adìẹ Ìyá kan sọnù sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ mẹ́sàn-án ló kó jáde. Òdòdó ń yọ, ó ń rẹ̀ dànù. Èso kò sí.

Bí ẹ bá fojú rere wò ó, ẹyọ kan so. Ó yọ imú. Imú gidi, tó gùn, tó tẹ̀ sápá kan. Ìyá gbé e sọ́wọ́, ó ké sí àwọn obìnrin agboolé: "Ẹ wá wo ojú Tíṣà!" Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá, wọn á ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ewé o!" Ohun tó tilẹ̀ ń dùn mí jù ni pé igi tòmátì kan wà lẹ́yìn balùwẹ̀ wọn, tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tó hù fúnra rẹ̀ láti inú ìdọ̀tí, tó ń so jìngbìnnì. Mo kórìíra igi yẹn dọ́kàn.

Nígbà tí ìjọ́hẹn ku ọjọ́ méjì, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà Ìrèsì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí, mo ra tòmátì pípọ́n kún apẹ̀rẹ̀. Mo lọ bá ọmọbìnrin náà, mo ní bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì mi já, kó fún mi ní òwú díẹ̀. Ó bi mí bóyá kí òun bá mi rán an. Mo ní rárá, kó má ṣèyọnu. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, tí gbogbo ilé ti lọ sóko, mo wọ inú igbó tòmátì mi, mo ń so wọ́n mọ́ ẹ̀ka níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo parí, mo sún sẹ́yìn, mo wò ó, mo sì gbóríyìn fún ara mi bí ẹni tó gbìn ín lóòótọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé, ẹbí mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹbí ìyàwó kọjú sí wọn. Mo ní kí gbogbo wọn kọ́kọ́ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ìyá gbé igbá, ó já ẹyọ kan. Tòmátì wá, òwú dúdú tẹ̀ lé e. Ó já èkejì, òwú tún ni. Ìyá pariwo, "Yéè! Ẹ gbà mí, wọ́n so ó mọ́ ọn ni!" Ẹ̀gbọ́n Bàbá, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, ní, "Tíṣà, ṣé ìwọ náà ti ń kọ́ aránṣọ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwọn ẹbí tèmi náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n kàn dorí kodò ni. Ẹni méjì péré ni kò rẹ́rìn-ín: Bàbá, àti ọmọ rẹ̀ tó ń wo òwú rẹ̀.

Bàbá bi í léèrè, bí àṣà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta: "Ṣé ká jọ́hẹn fún wọn?" Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, ó ń tú òwú kúrò lára tòmátì. Ní ẹ̀kẹta ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má jọ́hẹn, Bàbá. Bí Tíṣà ò bá lè gbin tòmátì, ìyẹn ò burú, ọjà wà. Àmọ́ ẹni tó gba òwú lọ́wọ́ mi láti fi tàn yín jẹ, kí ni yóò fi tan èmi jẹ?"

Bàbá fúnra rẹ̀ ló sìn mí dé títì. Ó ní, "Ìgbẹ́ yẹn ló pọ̀ jù. Ilẹ̀ tó bá yó tó bẹ́ẹ̀, ewé ló máa ń hù. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Bàbá?"

"Mo ń retí kó o bi mí ni. Kì í ṣe tòmátì ni mò ń wò."

Abéèrè kì í ṣìnà. Èmi yìí náà ni mo kọ òwe yẹn sójú pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí mo na ẹni tí kò lè kà á.

Mo fẹ́ ẹlòmíràn, ó sì dára. Àwọn ọmọ wa wà ní Èkó àti Ìbàdàn, n kò ní ẹjọ́ kankan bá Ọlọ́run rò. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin ọjọ́ yẹn, tó ti di ìyá àgbà, kú, mo sì lọ bá wọn sin ín. Ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ ará Òrà tí kò rójú ọ̀nà ilé ìwé rí, jókòó ti òkú ìyàwó rẹ̀, èmi náà jókòó tì í. Mo bi í léèrè ohun tó ṣe fún Bàbá, tí wọ́n fi fún un lọ́mọ. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní, "N kò ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀ Ìlá yàtọ̀ sí tiwa. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ́ mi."

Ó dùn mí. Kí n má purọ́ mọ́: ó ṣì ń dùn mí.